Awọ Tí Iná Kò Kàn

Nínú abọ́ pẹlẹbẹ kan tó mọ́ gaara, awọ ọmọ rẹ̀ ń léfòó nínú omi pupa rẹ́súrẹ́sú. Ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́ gíláàsì àpótí tí wọ́n gbé e sí, ó wò ó títí.

"Ẹ bá mi dì í," ló sọ.

Obìnrin tó ń tọ́jú iyàrá tí wọ́n ti ń ṣe awọ nílé ìwòsàn náà wò ó, ó tún wo àbúrò bàbá náà obìnrin tó bá a wá. Gbogbo ilé ìwòsàn ló ń pè é ní Ìyá Awọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì bímọ. Òun ló gé awọ bíńtín lára itan ọmọkùnrin náà, jórinjórin tí gáàsì gbiná mọ́ lẹ́nu iṣẹ́, tó sì ń fi ṣe ẹ̀dà awọ tí wọn ìbá fi bo egbò rẹ̀. Ọmọ náà kò dúró dè é. Wọ́n ti sin ín.

Níbi tí bàbá ti ń rán awọ bo ìjókòó ọkọ̀, òfin kan ló fi ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe: èyí tó bá ṣẹ́ kù lára awọ oníbàárà, oníbàárà ló ni ín. Nígbà tí ilé ìwòsàn pè é pé nǹkan ọmọ rẹ̀ kan ṣì wà lọ́wọ́ àwọn, bó ṣe yé e nìyẹn. Ó fọ àpò aṣọ kan, ó lọ̀ ọ́, ó mú un dání. Yóò gba àṣẹ́kù, yóò sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó parí.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Àṣẹ́kù kọ́ nìyí. Èyí tá a gé ò ju èékánná lọ. Ó bí òmíràn, òmíràn bí òmíràn. Ẹ̀dà ni gbogbo eléyìí."

"Ṣé kì í ṣe tiẹ̀ ni?"

"Tiẹ̀ ni. Àmọ́ kò kan ara ẹ̀ rí."

Àbúrò bàbá bọ́ síwájú. "Tẹ́ ẹ bá lè ṣe awọ báyìí, kí ló dé tẹ́ ẹ ò kúkú ṣe òun fúnra ẹ̀ padà fún wa?"

"A kì í ṣe èèyàn, mà. Ká tiẹ̀ ní ẹnì kan lè ṣe é, ọmọ ọwọ́ ló máa jẹ́. Kò ní mọ̀ yín. Ojú á jọra, ibẹ̀ ló máa parí sí."

"Ojú yẹn náà ni mo fẹ́ rí."

"Dákẹ́ ná," ni bàbá sọ.

Ìyá Awọ rẹ ohùn sílẹ̀. "Tíṣà kan tí iná jó wà ní wọ́ọ̀dù lókè. Awọ tirẹ̀ tá à ń ṣe kò tíì tó. Bẹ́ ẹ bá gbà, a ó fi èyí bo egbò ẹ̀ ná. Bẹ́ ẹ ò bá gbà, màá dì í fún yín."

"Ṣé á lẹ̀ mọ́ ọn?"

"Fúngbà díẹ̀. Tí tirẹ̀ bá ti hù, ara ẹ̀ á lé e kúrò."

"Kò ní gbé ibẹ̀ pẹ́."

"Kò ní pẹ́, sà."

"Òun náà kì í gbé ibì kankan pẹ́. Ẹsẹ̀-ò-gbélé ni màmá ẹ̀ ń pè é."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àbúrò rẹ̀ lójijì, ó fọwọ́ bò ó. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Òun ló wẹ òkú ọmọ náà. Ó mọ bí ibi tí iná kò kàn ṣe kéré tó. Awọ inú abọ́ yìí dán kárí. Kò ní àpá kankan.

"Tíṣà yẹn, ṣé ẹ sọ fún un pé ti òkú ni?"

"Kì í ṣe ti òkú, Bàbá. Awọ yìí ṣì wà láàyè."

Bàbá ká àpò aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó fi í há abíyá. "Ẹ lò ó."

Ìyá Awọ wọ ìbọ̀wọ́ tuntun. Ó ní àsìkò oúnjẹ awọ náà ti tó. Ó fa omi àtijọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, ó rọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ abọ́, kó má baà da awọ náà láàmú. Àbúrò bàbá ní kí wọ́n máa lọ kí ọkọ̀ má baà ṣọ̀wọ́n. Bàbá dúró títí obìnrin náà fi ṣe tán.

Ẹnu géètì ni wọ́n dé tí inú bàbá kùn. Ó dúró, kò kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kí wọ́n lè kó abọ́ kúrò níwájú rẹ̀ ló ṣe ń jẹun.

"Kí ló ṣẹlẹ̀, Bọ̀ọ̀dá?"

"Ebi ń pa mí," ló sọ, ohùn ara rẹ̀ sì ṣàjèjì létí rẹ̀.