Oyè Àwọn Opó

Oṣù kẹjọ rèé tí Ọláníran ti kú, ohun kan ṣoṣo ni Morónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ sì ń fẹ́: kí wọ́n kọ "aya" síwájú orúkọ òun lára òkúta ibojì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré náà tó o.

Ṣùgbọ́n Olúkọ́lá, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ akọ̀wé ìjọ, ti rí èyí tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rí i lára ibojì opó òyìnbó míṣọ́nnárì kan: relict.

"Ìyàwó," ó ní, "òyìnbó kì í kọ nǹkan yẹpẹrẹ sórí òkúta. Oyè ni. Òun la máa kọ."

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Morónkẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì nílé-ìwé míṣọ̀n. Ó mọ ọ̀rọ̀ náà. Inú èdè Látìn ló ti wá. Ohun tí a fi sílẹ̀ lọ ni. Òun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ fi ń pe opó. Bí bàbá bá kú, ó fi ilé sílẹ̀, ó fi àga sílẹ̀, ó fi ìyàwó sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Olúkọ́lá nígbà tí wọ́n gbé Morónkẹ́ wọlé. Ọjọ́ náà ni Morónkẹ́ ti kúnlẹ̀ kí i bí ọkọ, tó sọ ọ́ lórúkọ ní Akọ̀wé nítorí èédú tí ọmọ náà fi ń kọ ògiri. Ìyàwó ilé kì í sọ lójú àwùjọ pé ọkọ òun kò mọ̀wé.

"Ẹ ṣeun, Akọ̀wé mi," ló sọ.

Lọ́jọ́ ìsinmi, Olúkọ́lá kéde oyè náà níwájú ìjọ. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo opó ìjọ ló ń bèèrè tiwọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, lẹ́nu ọ̀nà tí ọyẹ́ Jos ń gbà wọlé, ni wọ́n ti ń jókòó láti ọjọ́ yìí. Àwọn àgbà ìjọ ronú sí i: ṣé olóyè ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ni? Ni wọ́n bá kó wọn lọ síwájú.

"Haba," ni Monica, opó kan láti Gyel, wí. "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbọ̀n níbẹ̀ yẹn. Oyè mà dára o."

Lọ́jọ́ Ajé, Morónkẹ́ gba ọ̀dọ̀ Ṣàíbù agbẹ́-òkúta lọ ní àdúgbò Angwan Rukuba, pé òun á ní kó yí ọ̀rọ̀ náà padà ní jẹ́ẹ́jẹ́. Monica sìn ín lọ. Lẹ́tà méjì péré ni Ṣàíbù tíì gbẹ́.

"Sannu, Màmá," ó ní. "Bẹ́ ẹ bá fẹ́ òmíràn, ó ṣì ṣeé ha kúrò. Ẹ ṣáà sọ ọ́ nísinsìnyí."

Kí Morónkẹ́ tó lanu, Monica fà á láṣọ. "Tíṣà, kí tiẹ̀ ni ìtumọ̀ oyè wa yìí? Ọmọ-ọmọ mi bi mí, mo kàn ń wo ẹnu rẹ̀ ni."

Morónkẹ́ wò ó. Ó rántí bẹ́ńṣì ẹnu ọ̀nà.

"Ẹni tó ṣẹ́ kù ni," ó dáhùn. Kò sì purọ́.

"Ìyẹn náà ni Akọ̀wé ń pariwo tó báyìí?" Monica rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ ṣáà ni. Wọ́n ti lọ, àwa la ṣẹ́ kù."

Ṣàíbù gbé òòlù dání, ó ń wo ẹnu Tíṣà. Morónkẹ́ fa àpótí kan, ó jókòó. Ó ń pe lẹ́tà tó kù fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń pè é fún àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní, kó má baà ṣì í kọ.