Lẹ́yìn Ògiri Ilé Ìdáná

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta, ìyàwó Bàbá Onírédíò kú. Àárọ̀ ni. Ó ń wọ bàtà iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó fẹ̀yìn ti àga, kò sì dìde mọ́.

Wọ́n sin ín. Àwọn ènìyàn wá, wọ́n kí i, wọ́n lọ. Nígbà tí ẹsẹ̀ èrò dá nílé, ó ku Bàbá àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ẹni tí ó ń ṣe nọ́ọ̀sì nílùú mìíràn, tí gbogbo ilé sì ń pè ní Nọ́ọ̀sì láti ìgbà tí ó ti kọ́kọ́ wọ aṣọ funfun. Kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Bàbá, ẹ máa bá mi lọ. Ẹ ò lè dá gbé ibí."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni. Kí lẹ máa jẹ?"

"Oúnjẹ."

"Ta ló máa sè é?"

"Èmi."

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí ó rín láti ọjọ́ tí ó ti dé. "Ẹ̀yin kẹ̀? Bàbá mi, ẹ ò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé yìí!"

Òótọ́ ni. Bàbá Onírédíò ò mọ ibi tí iyọ̀ wà. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ojú òun sọ ọ́. "Màá wá a rí," ni ó wí.

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká ṣàdéhùn. Ẹ se oúnjẹ kan péré lónìí, kí èmi àtẹ̀yin jọ jẹ ẹ́. Tó bá ṣe é jẹ, n ò ní dárúkọ kíkó lọ sí yín létí mọ́. Tí ò bá ṣe é jẹ, ẹ máa palẹ̀ ẹrù yín mọ́."

"Mo gbà."

"Kí lẹ fẹ́ sè?"

Bàbá ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Má-jẹ̀ẹ́-kó-pẹ́."

Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Orúkọ tí wọ́n fún oúnjẹ náà nínú ilé wọn nìyẹn. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni, tí a gé wẹ́wẹ́, tí a fi òróró díẹ̀ dín, tí a wá fi àlùbọ́sà, atalẹ̀, ata àti ọ̀pẹ̀yìnbó parí rẹ̀. Iyọ̀ ń pè, adùn ń dáhùn. Ibùdókọ̀ ojú irin ni ìyá Nọ́ọ̀sì ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá pẹ́ dé, òun náà a pẹ́ dé, a sì wọlé pẹ̀lú ọ̀pẹ̀yìnbó lábẹ́ apá bí ẹni gbé ọmọ, a máa ní, "Má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́, má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́," bí ẹni pé sítóòfù ni ó ń bẹ̀. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, oúnjẹ ti dé orí tábìlì.

Bàbá ò rí bí ó ṣe ń sè é rí. Kì í ṣe ìgbéraga. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ni ó kángun sí ilé ìdáná, ògiri pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó là wọ́n láàárín. Àga rẹ̀ kọjú sí fèrèsé nítorí ìmọ́lẹ̀, ó sì kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ó jókòó sí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi jọ gbé, pẹ̀lú rédíò tí a tú ìfun rẹ̀ síta níwájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń tún rédíò ṣe, etí ni ó fi ń ríran. Tí ẹnìkan bá gbé asọ̀rọ̀mágbèsì rẹ̀ wá, Bàbá ò ní kọ́kọ́ tú u. A tan án, a di ojú, a gbọ́ bí ó ṣe ń kùn, a sì sọ ibi tí àìsàn wà. Etí kan náà ni ó fi ń jẹ oúnjẹ ìyàwó rẹ̀ kó tó dé ẹnu. Ó mọ ìró ọ̀bẹ lára èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó, bí ẹni ń fá irùngbọ̀n líle. Ó mọ ìgbà tí òróró gbóná tó, nítorí ìyá a ta omi díẹ̀ sí i, òróró a sì dún "ṣàì!" Ó mọ ariwo ẹran nígbà tí ó kọ́kọ́ bọ́ sínú agbada, ó sì mọ bí ariwo náà ṣe máa ń rẹlẹ̀ tí èso bá wọlé, bí ìgbà tí àgbàlagbà yọ sáàárín àwọn ọmọ tí ń jà. Lẹ́yìn náà, sítóòfù a kú. Gbogbo nǹkan a dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ náà ni àwo a tó máa dún.

Bàbá mú àpò, ó lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́ran tó wà ní ìkóríta. Ọkùnrin náà ti wá kí i kú àmúmọ́ra, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í lè gbé àwàdà mì.

"Bàbá Onírédíò! Ẹran wo ló kọ̀ tí ò sọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ fẹ́ tún un ṣe?"

"Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni mo fẹ́ rà. Fún mi ní itan."

"Itan? Ìyá kì í ra itan. Itan á gbẹ bíi pákó. Èjìká ni tiwọn, níbi tí ọ̀rá bá ti fara ro ẹran díẹ̀."

"Fún mi ní èjìká, nígbà náà."

"Ṣé kí n bá yín gé e?"

"Èmi ni mo máa gé e."

Ẹlẹ́ran wo ojú rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wé ẹran náà, ó sì fi ègé kan lé e. "Ẹ rọra o, Bàbá. Ọ̀bẹ ò mọ ojú onírédíò."

Nígbà tí ó dé ilé, kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó mú Nọ́ọ̀sì lọ jókòó sórí àga òun nínú yàrá iṣẹ́.

"Ibí ni kó o wà. N ò fẹ́ alárìíwísí nídìí agbada."

"Tí iná bá mú ilé ńkọ́?"

"Wàá gbọ́."

Lórí ọ̀rọ̀ iyọ̀, ojú rẹ̀ rí màbo. Ó ṣí agolo kan, ewé tíì ni. Ó ṣí òmíràn, ṣúgà ni. Ó tọ́ ẹ̀kẹta wò, ó sì tu ú jáde: ọṣẹ ìfọṣọ.

"Bàbá, kí lẹ ń wá?" Ohùn Nọ́ọ̀sì nìyẹn, láti ẹ̀yìn ògiri.

"N ò wá nǹkan kan."

"Ó wà nínú ìgò kọfí, lókè, lápá ọ̀tún."

"Mo ní n ò wá nǹkan kan." Ó na ọwọ́ sókè, lápá ọ̀tún.

Ó bó ọ̀pẹ̀yìnbó. Ó gé ẹran, ó fi iyọ̀ pa á lára, ṣùgbọ́n ègé rẹ̀ ò dọ́gba. Òmíràn fẹ́lẹ́ bí ìwé, òmíràn ki bí àtàǹpàkò. Ó gbé agbada kaná, ó da òróró sí i, ó ta omi sí i, ó gbọ́ "ṣàì". Inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Ó wá da gbogbo ẹran náà sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìró tó jáde kì í ṣe ìró tí ó mọ̀. Ó tẹ́tí. Ti ìyàwó rẹ̀ a máa pariwo bí òjò lórí òrùlé páànù. Eléyìí ń kùn gbùùrù-gbùùrù bí rédíò tí omi wọ̀. Ẹran náà ò dín rárá, bíbọ̀ ni ó ń bọ̀ nínú omi ara rẹ̀. Ó dúró, ó ronú bí ó ti máa ń ronú nídìí iṣẹ́: ẹrù tó wà níbẹ̀ ti pọ̀ ju agbára iná lọ. Ó kó púpọ̀ kúrò, ó jẹ́ kí agbada gbóná padà, ó sì ń dá wọn padà síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà náà ni òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí páànù.

"Ẹn-hẹ́n," ni Nọ́ọ̀sì wí lẹ́yìn ògiri. "Ìyẹn jọ ọ́."

Bàbá ti da àlùbọ́sà, ata àti atalẹ̀ sí i, òórùn wọn sì ti gbé e lọ jìnnà. Ó rí ìyàwó rẹ̀ ní kékeré, tó fi fìlà ibùdókọ̀ sórí dáná nítorí pé kò ráyè ṣí i. Ó rí ọmọbìnrin kan tí ehín iwájú rẹ̀ ti ká, tó ń jí ọ̀pẹ̀yìnbó jẹ, tí oje ń kán sí i ní ìgbọ̀nwọ́. Ó gbé ojú kúrò níbẹ̀. Ó da èso náà àti oje rẹ̀ sí agbada, ó fi ṣúgà díẹ̀ sí i. Ariwo náà rẹlẹ̀ bí ó ṣe yẹ kó rẹlẹ̀.

Ó tọ́ ọ wò. Kíkan gbá a lẹ́nu. Iyọ̀ dá wà níhìn-ín, ṣúgà dá wà lọ́hùn-ún, bí àjèjì méjì tó jókòó ti ara wọn nínú ọkọ̀. Ẹran ò tilẹ̀ mọ̀ pé èso wà níbẹ̀. Ó rántí gbogbo ìró náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo ọ̀kankan. Ó ku ìdákẹ́jẹ́ yẹn nìkan. Kí ni ìyá ń ṣe nínú rẹ̀? Ó lè jẹ́ pé nǹkan kan ni ó ń bù sí i. Ó lè jẹ́ ohunkóhun. Ohun tí kò bá dún, etí rẹ̀ ò lè mú un, ẹni tí ì bá sì bi ti lọ.

Ó pa sítóòfù. Ó dé agbada náà. Ilé ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ̀. Ó nu ọwọ́, ó sì gba ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ lọ láti sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí ó débẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì kẹ̀yìn sí i. Ó tẹrí ba síwájú rédíò kan tó ṣí sílẹ̀, ó ń fi ìka kan yí bọ́tìnnì rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ bà sí i lọ́rùn. Bàbá fara ti férémù ilẹ̀kùn, ó ń wò ó.

"Màmá náà máa ń dúró síbẹ̀ yẹn," ni Nọ́ọ̀sì wí, kò bojú wẹ̀yìn.

"Síbo?"

"Síbi tẹ́ ẹ wà. Tí wọ́n bá ti pa iná tán, wọ́n á dé oúnjẹ, wọ́n á wá dúró síbẹ̀, wọ́n á máa wò yín."

"Irọ́."

"Bàbá, ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo máa ń wà. Tí mo bá ní ebi ń pa mí, wọ́n á ní, 'Dákẹ́ jẹ́ẹ́. Jẹ́ kí ẹran àtèso mọwọ́ ara wọn, kémi náà wo ọkọ mi díẹ̀.'"

"Kí ló dé tí ò pè mí?"

"Mo bi wọ́n. Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá fi lè mọ̀ pé wọ́n ń wò yín, ẹ máa fajú ro."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Bàbá Onírédíò láìròtẹ́lẹ̀. Ó dún bí ikọ́. "Ǹ bá fajú ro lóòótọ́," ni ó wí. Ó dúró síbẹ̀ sí i.

Nígbà tí wọ́n padà ṣí agbada, oje ti ki, ó ń dán, ó ti di mọ́ ẹran lára. Ó tún un tọ́ wò. Iyọ̀ àti ṣúgà ti rí ara wọn, kíkan èso ti rọlẹ̀. Ẹran le díẹ̀, ata sì pọ̀. Kì í ṣe ọwọ́ ìyá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní ṣì í mọ̀.

Nọ́ọ̀sì fi búrẹ́dì nu àwo rẹ̀ mọ́ tónítóní. "Ẹ borí," ni ó wí. "Ọ̀rọ̀ mi tán. Ẹ máa gbé ilé yín."

Bàbá ń wo ògiri pákó náà. Ó ti rò pé inú rẹ̀ ni ohun tí òun ò fẹ́ fi sílẹ̀ wà. Tó bá se oúnjẹ lọ́la, tó pa iná, tó dé e, ẹ̀yìn ta ni yóò lọ dúró sí?

"Ilé tìẹ yẹn," ni ó wí, "yàrá wo ló kángun sí ilé ìdáná?"

Nọ́ọ̀sì gbé orí sókè. "Yàrá kékeré kan ni. Kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ mi la kó síbẹ̀."

"Ògiri ẹ̀ ńkọ́? Ṣé èèyàn lè gbọ́ nǹkan?"

"Tí mo bá sín nílé ìdáná, ẹni tó wà níbẹ̀ á kí mi pẹ̀lẹ́."

"Sọ fún wọn kí wọ́n kó kẹ̀kẹ́ wọn kúrò."

"Bàbá, ṣé ẹ ò gbọ́ pé ẹ borí ni?"

"Mo gbọ́. Èmi ni màá máa se oúnjẹ. Ìwọ ṣáà jókòó síbẹ̀."

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n kó lọ. Èyí tó kù sílẹ̀ nínú ilé náà nìyí: tábìlì iṣẹ́, tí kò gba ẹnu ọ̀nà, àwọn rédíò tí àwọn tó ni wọ́n kò padà wá gbà, kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá, agbòjò kan tí irin rẹ̀ ti dá, àbààwọ́n òróró lára ògiri ilé ìdáná, ibì kan lára férémù ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́, ní gíga èjìká obìnrin, tí ọ̀dà ti pa rẹ́ kúrò níbẹ̀, tí igi ibẹ̀ sì ń dán, àti kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tí kò ti nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.