Káàdì Tí Bàbá Bámgbóṣé Fọwọ́ Ṣe

Kì í ṣe káàdì ọjà. Páálí mílíìkì ni Bàbá Bámgbóṣé gé ní Ìtapàjí lọ́dún tí kòkó kò ta. Ó fi osùn ya ìràwọ̀ sí i, ó fi ògì gbígbóná lẹ àjákù aṣọ mọ́ etí rẹ̀, ó sì gbé e fún ìyàwó rẹ̀ láàárọ̀ Kérésìmesì. Nígbà tí àwọn méjèèjì kú, káàdì náà di ohun àjogúnbá. Ilé tí káàdì náà bá wà ni gbogbo ẹbí ti ń ṣọdún Kérésìmesì.

Ọ̀dọ̀ Christiana, àkọ́bí wọn, ló wà láti ìgbà náà, ní Ìlógbò. Lọ́dọọdún ni àwọn àbúrò rẹ̀ ń dé tọmọtọmọ, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, wọ́n á sì fi ìkòkò dúdú sílẹ̀ fún un láti fọ̀. Ó ti wá rẹ̀ ẹ́. Orúnkún ń dùn ún, ẹ̀yìn ń ro ó, kò sì sí ẹni tó bi í rí pé ṣé ara le.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2003, ó fi ìwé ìròyìn wé káàdì náà, ó wọ mọ́tò lọ sọ́dọ̀ Fọláhàn àbúrò rẹ̀ ní Ìkọ̀lé.

"Ọ̀dọ̀ yín ni kó wà lọ́dún yìí," ó wí.

Fọláhàn rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ta ló lè se ìrẹsì bíi tiyín? Ẹ jẹ́ ká máa wá sọ́dọ̀ yín bá a ṣe ń ṣe."

Christiana kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé káàdì lé orí tẹlifíṣọ̀n, ó gbé báàgì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ Kérésìmesì, kò dáná. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì, kò tilẹ̀ lè dìde. Kò pẹ́ tí mọ́tò fi dúró níwájú ilé. Fọláhàn bọ́ sílẹ̀, òun àti Morìnsọ́lá ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ, àwọn àbúrò yòókù lẹ́yìn wọn. Ó gbé káàdì dání bí ẹni tó ń dá ohun olóhun padà.

"Ilé yín la mọ̀, Àǹtí."

 Christiana kò lágbára ìbínú mọ́. "Ẹ kú ọdún," ó wí. "Igi wà lẹ́yìnkùlé. Ìrẹsì wà nínú àpò. Èmi fẹ́ sùn."

Fọláhàn fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n Morìnsọ́lá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó tú gèlè, ó fi gbàjá. "Ẹ lọ sùn, Ìyá mi."

Christiana wọlé, ó nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jiyàn lórí iyọ̀, tí Fọláhàn ń wúkọ́ nínú èéfín, títí oorun fi gbé e lọ.

Nígbà tí wọ́n jí i, oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Ìrẹsì ti jóná nísàlẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ jù. Ó jẹ ẹ́ tán, ó na abọ́ sí wọn pé kí wọ́n tún bu sí i.