Ọmọ Tí Kò Rù Tó

Owú ni, ẹ má jẹ́ ká fún un lórúkọ mìíràn. Owú ló gbé alágbàfọ̀ wọ̀ lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì wá wọn apá àwọn ọmọ tó ń rù ládùúgbò wọn. Téèpù aláwọ̀ mẹ́ta ló fi wọ̀n wọ́n. Ọmọ aránṣọ, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbélé, bọ́ sórí pupa, àwọ̀ àwọn tó rù jù, ni wọ́n bá kó oúnjẹ inú ọ̀rá fún un: ẹ̀pà lílọ̀ dídùn tí wọ́n po mílíìkì mọ́. Ọmọbìnrin alágbàfọ̀ bọ́ sórí yẹ́lò. Nọ́ọ̀sì ní pupa nìkan ni oúnjẹ náà kárí, kó máa fún tirẹ̀ lóúnjẹ gidi nílé. Oúnjẹ wo? Àbí ọṣẹ ni ọmọ ó máa jẹ?

Láti ọjọ́ náà ni kò ti fẹ́ rí aránṣọ sójú. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ìyẹn ṣe ń kún ni inú tirẹ̀ ń bàjẹ́. Bí aránṣọ bá kí i, á dáhùn bí ẹni tí wọ́n fi tipá là lẹ́nu. Ìyàwó náà tilẹ̀ fi ọ̀rá kan pamọ́ sábẹ́ aṣọ wá bá a, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ pín in.

“Gbé e padà,” alágbàfọ̀ wí. “Ọmọ tèmi kì í jẹ àjẹkù.”

Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ó ní bó bá jẹ́ rírù ni wọ́n ń wá, ọmọ òun náà á rù. Ló bá yọ oúnjẹ àárọ̀ kúrò, ó sì ń bu omi lé ti alẹ́. Ẹ gbà mí o, abiyamọ! Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ o. Ó kàn fẹ́ kó rí gbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí gbà ni. Ọmọ sunkún títí, nígbà tó yá kò sun ún mọ́. Ìyá rò pé ó ti mọ́ ọn lára.

Nọ́ọ̀sì padà wá, téèpù bọ́ sórí pupa. Alágbàfọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ó wo aránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú.

Ṣùgbọ́n wọn kì í kó oúnjẹ náà fúnni bẹ́ẹ̀. Ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú wọn. Nọ́ọ̀sì já ọ̀rá kan, ìyá fi ìka kó o sọ́mọ lẹ́nu. Ọmọ pa ẹnu dé. Ó tún gbìyànjú, oúnjẹ ṣàn sí i lágbọ̀n. Nọ́ọ̀sì fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà tó ti wú, ibẹ̀ jìn, kò sì padà sípò. Ó ní ọsibítù ló kàn báyìí, kíá, ó sì béèrè bó ṣe ń jẹun sí.

Aránṣọ ló dáhùn. “Ẹ̀gbọ́n mi ń tọ́jú rẹ̀ o. Ẹnu ara wọn ni wọ́n ń yọ ọ́ fún un.”

Alágbàfọ̀ wo ẹni tó ń gbèjà rẹ̀ yìí.

“Irọ́ ni, nọ́ọ̀sì. Èmi ni mo febi pa á, kó lè dé orí pupa.”

Aránṣọ tú ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ti ìyálé rẹ̀ pọ̀n.

“Ẹ ká lọ, ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí.