Ọ̀nà Ẹ̀yìn Ilé Ẹrù

Lọ́jọ́ tí rélùwéè kọ́kọ́ wọ Òkè-Aáyán, omi àti ọkà bàbà ni àwọn ará ìlú gbé síwájú rẹ̀. Wọ́n ní ẹran tó gbé ènìyàn tó pọ̀ tó báyìí láti Èkó wá, òùngbẹ á ti máa gbẹ ẹ́. Ọmọ Òkè-Aáyán kì í sọ ìtàn yìí fún àlejò, ṣùgbọ́n láàárín ara wọn kì í sú wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní Àbújá kò fi ronú lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò fi ṣe àfihàn lọ́jọ́ àjọ̀dún wọn. Ọjọ́ rélùwéè yẹn ni wọ́n mú, Adébíyì ni wọ́n sì ní kó kọ́ ọ.

Ta ni wọn ì bá tún gbé e fún? Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Adébíyì fi ya àwòrán ilé àti afárá ní ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan kó tó fẹ̀yìn tì. Ojú rẹ̀ kò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ó lé mọ́tò rẹ̀ síta nínú oòrùn Lokogoma, àdúgbò wọn ní Àbújá, ó sì sọ yàrá ìgbọ́kọ̀sí di ìlú. Ó tẹ́ pákó tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀dì méjì, ó wá ń kọ́lé sórí rẹ̀: ilé alámọ̀ tí kò ga ju àtàǹpàkò lọ, ààfin, ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì, ibùdókọ̀ rélùwéè, ilé ẹrù ńlá tí àwọn òyìnbó ń kó kòkó sí, àti igi iyeyè tó wà lẹ́yìn ilé ẹrù náà.

Ère mọ́kànlélógójì ló gbẹ́, kò sì sí èyí tí kì í mira nínú wọn. Mọ́tò wáípà, ẹ̀rọ tó máa ń yí ohun tí ń nu òjò lójú gíláàsì ọkọ̀, ló yọ lára ọkọ̀ àlòkù kan, ó sì fi í sábẹ́ pákó. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ so mọ́ ọn, ó ń yí àwọn pákó roboto tí Adébíyì lu ihò wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan dípò àárín. Bí pákó bẹ́ẹ̀ bá ti ń yí, á máa ti irin agbòjò sókè, á tún fà á wálẹ̀, ère tó wà lórí irin náà á sì máa jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ọba á máa mi orí. Ọdẹ á kúnlẹ̀ fún rélùwéè, á tún dìde. Bàbá kan tó gbé omi dání á sún mọ́ ẹ̀rọ náà, ẹ̀rù á bà á, á fi ẹ̀yìn rìn padà, á tún gbìyànjú, láìdákẹ́. Rachael, ìyàwó Adébíyì, ló rán aṣọ sí gbogbo wọn lọ́rùn, ó sì mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí olùkọ́ ṣe ń mọ ọmọ kíláàsì rẹ̀.

Ká má purọ́, kì í ṣe nítorí ẹgbẹ́ ni Adébíyì ṣe ń fi ara rẹ̀ jin iṣẹ́ yìí.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni àkọ́bí rẹ̀, Japheth, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Nehemiah, àbúrò Adébíyì, tó ń wa bọ́ọ̀sì láti Òṣogbo sí Àbújá, ló gbé òkú náà lọ sílé ní Òkè-Aáyán. Òun àti àwọn ọ̀dọ́ ẹbí ló sin ín. Wọ́n fi Adébíyì àti Rachael sílẹ̀ ní Lokogoma láàárín àwọn ará ìjọ tó ń kọrin lé wọn lórí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Òbí kì í rí ibojì ọmọ. Èyí tó bá rí i, wọ́n ní yóò tún rí ti ọmọ mìíràn. Kò sẹ́ni tó bi pásítọ̀ bóyá ó wà nínú Bíbélì, nítorí pásítọ̀ náà ọmọ Yorùbá ni.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Ti Adébíyì papọ̀ ni. Ọmọ rẹ̀ kú, ó tún nù. Bó bá jí láàárọ̀ tó fẹ́ sunkún, kò mọ ibi tí yóò kọjú sí sun ún.

Ó bi Nehemiah lẹ́ẹ̀kan pé níbo ni wọ́n sin ọmọ náà sí. Nehemiah ní, “Ẹ̀gbọ́n, ilé ló wà. Ẹ má bi mí mọ́.” Rachael gbọ́, ó sì tọ ọkọ rẹ̀ wọ yàrá.

“Bàbá Hadassah,” ó ní. Láti ọjọ́ tí Japheth ti kú ni kò ti pè é ní Bàbá Japheth mọ́. “Hadassah nìkan ló kù fún wa, oyún sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá mọ ibẹ̀, ẹ máa lọ. Bí ẹ bá lọ...” Ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. “Èmi ò fẹ́ mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ má bèèrè.”

“Mi ò ní bèèrè mọ́,” ni Adébíyì wí.

Ó pa ìlérí náà mọ́, bí àwọn ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ ṣe ń pa ìlérí mọ́. Kò fẹnu bèèrè. Ère ló fi bèèrè. Ó gbẹ́ obìnrin márùn-ún tó ru ẹrù kòkó, ó tò wọ́n sórí ṣéènì kan tó ń gba ojú ihò tóóró kọjá lórí pákó, kí wọ́n lè máa rìn yí ìlú ká. Ó ṣe ọ̀nà wọn ní èyí tó ṣeé yí padà. Ọjọ́ Àìkú ni Nehemiah máa ń sùn lọ́dọ̀ wọn kó tó kó èrò padà sí Òṣogbo, ó sì fẹ́ràn àtiwo ìlú kékeré yìí.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn obìnrin náà gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Nehemiah rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, kànga wà níbẹ̀ o! Àwọn ìyá wọ̀nyí á kó sí kànga.” Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n gba ẹ̀yìn ilé bàbá wọn, ibi tí Adébíyì ń fura sí jù lọ. Nehemiah mu díẹ̀ nínú ìgò mọ́ọ̀tì rẹ̀, ó ní ààtàn ló yẹ kó wà níbẹ̀, àwọn ará ìlú á bínú bí wọn kò bá rí i. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Adébíyì mú wọn gba ẹ̀yìn ilé ẹrù, lábẹ́ igi iyeyè.

Nehemiah gbé ìgò mọ́ọ̀tì rẹ̀ sílẹ̀.

“Kò sí ọ̀nà níbẹ̀,” ó ní.

“Láyé ìgbà yẹn, ọ̀nà wà níbẹ̀.”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba iwájú, Ẹ̀gbọ́n. Ṣebí iwájú náà gbà wọ́n.”

“Kí ló wá ṣe ẹ̀yìn?”

Obìnrin àkọ́kọ́ dé abẹ́ igi iyeyè, ó kọjá. Èkejì tẹ̀ lé e. Kí ẹ̀kẹta tó débẹ̀, Nehemiah ti na ọwọ́, ó sì ti dì í mú. Ṣéènì fà, ó han, mọ́tò ń kùn lábẹ́ pákó. Ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ yẹn wa bọ́ọ̀sì ńlá kò jẹ́ kí ère tí kò tó ìka rẹ̀ lọ. Adébíyì pa iná.

Ìgbà yẹn ni Nehemiah wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì rí ohun tí ọwọ́ náà ti ṣe.

“Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fi mí ṣe yìí?”

“Mi ò bi ọ́ ní nǹkan kan.”

“Ẹ bi mí. Jésù! Ẹ bi mí.” Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. “Ibẹ̀ ni Japheth máa ń sá lọ tó bá wá lo ọlidé. Iyeyè ibẹ̀ ló máa ń ká. Mo rò ó pé kí ó má bàa ṣe àjèjì... mo rò pé ó mọ ibẹ̀.”

Adébíyì ti lérò pé bí òun bá mọ̀, ọkàn òun á balẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé láti àárọ̀ tí òun ti ń dán ẹ̀rọ náà wò, orí ọmọ òun ni òun ń mú àwọn obìnrin ẹlẹ́rù márùn-ún gbà lọ gbà bọ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó kọjú sí igi iyeyè náà, ó sì sunkún.

“Ẹ má jẹ́ kí Mummy mọ̀,” ni Nehemiah wí. Ní ọjọ́ Ajé, ó lọ láìjẹun.

Adébíyì kò fẹ́ kí Rachael mọ̀ rárá. Ó dí ihò ẹ̀yìn ilé ẹrù pa, ó mú àwọn obìnrin náà padà síwájú. Ewúrẹ́ kan máa ń jẹko lábẹ́ igi iyeyè, ó mú òun náà kúrò. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Ó rò pé òun ti bo gbogbo rẹ̀.

Lọ́sàn-án Ẹtì, nígbà tí àjọ̀dún ku ọ̀la, Rachael mú fìlà ọ̀gá rélùwéè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán wá. Ó dé e sí ère náà lórí, ó ní kí ọkọ òun tan iná kí òun rí i. Ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í mira. Ó wò ó tẹ̀ríntẹ̀rín, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀.

“Àwọn ẹlẹ́rù mi dà?”

“Wọ́n wà níwájú.”

“Ẹ̀yìn lẹ ní wọ́n máa gbà.”

“Mo yí i padà.”

“Ewúrẹ́ ńkọ́?”

“Mo mú un kúrò.”

Rachael tẹ ara síwájú. Ó ń wo pákó náà. Gbogbo ìlú ló kún, ẹni ń sá, ẹni ń kúnlẹ̀, ẹni ń ju ọwọ́. Ilẹ̀ kan ṣoṣo tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló ṣófo, ó mọ́ tónítóní lábẹ́ igi, kò sí ọmọ ènìyàn tàbí ẹran tó ń gbà á kọjá. Kò sí obìnrin Yorùbá tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní ohun tí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́.

“Bàbá Japheth,” ó ní. Ọdún méjì nìyẹn tí kò ti pè é ní orúkọ yìí. “Ibẹ̀ ni.”

Ó yẹ kí Adébíyì purọ́. Irọ́ náà wà nítòsí, kò sì wúwo. Ẹnu rẹ̀ kọ̀ ọ́. “Mi ò bèèrè,” ló rí wí.

“Ẹ̀yin lẹ fẹ́ mọ̀. Èmi ò fẹ́ mọ̀.” Kò pariwo. “Ẹ sì ti wá fi hàn mí.”

Fóònù Adébíyì wà létí pákó láàárín àwọn ìṣó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń mú àwọn ilé kéékèèké mì tìtì. Orúkọ Hadassah ló wà lójú rẹ̀. Tọkọtaya náà wò ó. Ó dún títí ó fi dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ gbé e,” ni Rachael wí. “Ṣebí ẹ̀yin lẹ fẹ́ mọ̀.”

Adébíyì gbé e sétí.

“Daddy, ẹ kú ọ̀sán sir. Mummy ò gbé fóònù wọn. Mo ti dé ilé wa ní Jahi láti hospital o, wọ́n ní everything is fine.”

“Ṣé ara le?”

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán, Daddy.”

“Hadassah, ṣé ara le?”

“Kai, Daddy! Ara le. Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Kò sí nǹkan,” ó ní. Bàbá olómi tún ń fi ẹ̀yìn rìn kúrò níwájú rélùwéè.

Oṣù mẹ́ta àti ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí Hadassah bímọ. Rachael ti ń ka ọjọ́ náà tẹ́lẹ̀. Láti ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ọkọ rẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.