Ẹni Tí Àrá Ń Bá Sọ̀rọ̀

Méjì-méjì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé ìdánwò, bí wọ́n ti máa ń wọ kíláàsì láti ọdún méjì, olùyẹ̀wò sì nawọ́ sí àárín wọn bí ẹni tó ń la irun. "Ẹnì kan, kọ̀ǹpútà kan," ó ní.

Àǹtí, olùkọ́ kọ̀ǹpútà wọn, fẹ̀yìn ti ògiri. Láti òwúrọ̀ tí ọ̀gá ilé-ìwé ti kó àwọn kọ̀ǹpútà tó lọ yá dé kó lè kárí wọn, tó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó, ni ọkàn rẹ̀ ò ti balẹ̀. Gbogbo olùkọ́ ló bá a yọ̀. Òun nìkan ló mọ ohun tí ayọ̀ náà fẹ́ tú síta.

Kọ̀ǹpútà ò tó wọn rí. Méjì ló ń jókòó ti ọ̀kan, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi pín iṣẹ́ láàárín ara wọn: ẹnì kan á máa tẹ kíbọ́ọ̀dù, ẹnì kejì á di máòsì mú. Àǹtí rí i. Ó ní kí wọ́n máa pààrọ̀, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pààrọ̀, iṣẹ́ á falẹ̀, kíláàsì mìíràn á sì ti máa dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Òwe yẹn ló fi tu ara rẹ̀ nínú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn. Ó ṣì rẹ̀ ẹ́ lónìí.

Àrá ló gba ọkàn rẹ̀ jù. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọmọbìnrin náà ní Àrá, nítorí ó ń tẹ̀wé bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ní ilé ìtẹ̀wé ti ṣèlérí iṣẹ́ fún un, bó bá yege ìdánwò yìí. Bí kò bá yege, ilé ni yóò jókòó sí, kó máa tọ́jú àwọn àbúrò. Ìgbín, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló ń di máòsì mú fún un. Àrá fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ kan máòsì rí.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," Àrá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ibo ni wọ́n ń mú Ìgbín lọ?"

"Ìdí fèrèsé."

"Ta ni yóò wá máa bá mi..."

"Lọ jókòó, ọmọ mi."

Ìgbín bojú wẹ̀yìn. "Má wulẹ̀ wò mí. Èmi tí mò ń tẹ̀wé bí adìẹ tó ń ṣa ọkà, ta ló ń bá èmi kẹ́dùn?"

Lẹ́tà ni wọ́n ní kí wọ́n tẹ̀. Kí àkọlé rẹ̀ bọ́ sí àárín, kó dúdú ju ìyókù lọ, kí wọ́n sì fi í pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Kíá ni Àrá tẹ ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà náà tán. Lẹ́yìn náà ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan. Ó yíjú sí ọ̀tún, síbi tí ẹnì kankan kò sí.

Àǹtí ń wò ó. Kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.

Nígbà tó yá, Àrá gbé ọwọ́ lé máòsì bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan ajá onílé. Ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà ta gìrì, ó sá lọ sí igun. Ètè ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ọ̀rọ̀ sì ń jáde.

"Sún sí òsì. Díẹ̀ sí i. Ó tó. Tẹ̀ ẹ́, má tíì fi sílẹ̀. Máa fà á bọ̀. Mo ní má tíì fi sílẹ̀, ṣé o ò gbọ́ ni?"

Olùyẹ̀wò gbójú sókè. "Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn?" Ó ti dìde, ó ti ń bọ̀. "Ìwọ. Kó ẹrù ẹ, kó o máa lọ síta."

Kí Àǹtí tó mọ̀, ó ti dúró sáàárín wọn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀."

"Etí mi ò di, màdáámù. Ta ló wá ń bá wí?"

"Ọwọ́ ara rẹ̀ ni."

Ọkùnrin náà wo Àǹtí, ó wo ọmọ náà. Àrá ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Òkè ni mo ní, kì í ṣe ìsàlẹ̀. O kì í gbọ́ràn. Ẹ̀n-ẹ́n, ibẹ̀ yẹn." Àkọlé rìn lọ sí àárín ojú ìwé, ó dúró, ó dúdú. "Ó yá, fi í pamọ́." Ọwọ́ náà fi í pamọ́.

"Ọwọ́ náà lágídí," olùyẹ̀wò wí, ó padà lọ jókòó.

Àǹtí ò kúrò níbi tó wà. Kò sí ohun tí Ìgbín fi máòsì ṣe láti ọdún méjì tí Àrá kò kọ́kọ́ fẹnu sọ fún un. Ariwo lásán ni òun olùkọ́ ti ń pè é. Ó wo ìdí fèrèsé: ètè Ìgbín náà ń mì, ó ń bá ìka rẹ̀ kan ṣoṣo jà. Ó wo ìlà tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Yàrá náà ń kùn bí ilé oyin, kálukú ń bá ẹni tí kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, Àǹtí sì di èémí rẹ̀ mú kó lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.