Àlejò Tó Gba Yàrá Wọlé

Ẹnjiníà gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà, kíá ló sì fà á padà. Ó gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Fáànù inú rẹ̀ ń ké tantan, iná kékeré iwájú rẹ̀ ń ṣẹ́jú láìsinmi, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fi ẹ̀rọ náà ṣe nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní balùwẹ̀ ni, omi ṣì ń kán láti irun rẹ̀ sí èjìká.

"Kí ló ń ṣe àwọn ọmọ ẹ láàárọ̀ yìí?" ìyá rẹ̀ béèrè láti pálọ̀. "Ariwo wọn ò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí rédíò ń sọ."

"Ẹ má bínú, Màmá. Wọ́n máa dákẹ́."

"Ẹnjiníà mi, ọmọ tí ò bá dákẹ́, àìsàn ló ń ṣe é."

Ìyá yìí ló fi orúkọ náà dá a lápàárá, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni ìyá ń pè ní ọmọ. Àlòkù ni gbogbo wọn. Ọ̀kan kò ní ìdérí, òmíràn kì í tàn àfi tí wọ́n bá gbá a létí. Orí pẹpẹ tó yẹ kó jẹ́ ti bàtà ni Ẹnjiníà tò wọ́n sí, wáyà sì lọ́ mọ́ra wọn yíká ibùsùn débi pé ẹni tí kò bá mọ yàrá náà, ìṣubú ni yóò fi kí i. Kò sí yunifásítì tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù oníbàtà ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, bó bá sì ti délé, ìdí ẹ̀rọ ló ń jókòó sí. Ó ń so wọ́n pọ̀, ó ń mọ̀ọ́mọ̀ bà wọ́n jẹ́, ó sì ń wá bí yóò ṣe jí wọn dìde. Ó ṣe ìdánwò ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́, ó fìdí rẹmi. Ó tún un ṣe, ó yege, ó ṣe òmíràn, ó tún yege. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní iṣẹ́ tí wọ́n bá kọ́ ní yàrá, yàrá náà ni yóò parí sí. Ọjọ́ tí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní kó wá máa bá àwọn tọ́jú kọ̀ǹpútà ni ẹ̀gbọ́n tó panu mọ́. Àwọn tó ní dìgírì wà níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀gá tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbẹ̀ mú. Títí di òní, orí rẹ̀ a máa wú tó bá rántí.

Ìgbà tí wọ́n fi ń dán an wò ti pé. Òní ni Dókítà àgbà, obìnrin tó ni ilé ìwòsàn náà, yóò fọwọ́ sí i pé ó ti di òṣìṣẹ́ gidi, tàbí kó ní kó padà sídìí bàtà.

Ó jókòó, ó tan ojú ẹ̀rọ. Orúkọ kan ṣoṣo ló ní ẹ̀tọ́ láti wà níbẹ̀, orúkọ tirẹ̀. Méjì ló rí. Ìkejì kò jọ orúkọ ọmọ ènìyàn, àdàlù lẹ́tà àti nọ́ńbà ni, ẹni tó ń jẹ́ ẹ sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Fáìlì ń kọjá lójú rẹ̀, ọ̀kan ń lé èkejì, wọ́n ń ti ilé ìwòsàn bọ̀, wọ́n ń gba inú ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ síbi tí kò mọ̀. Ó ṣí ọ̀kan. Orúkọ obìnrin, ibi tó ń gbé, nọ́ńbà fóònù ọkọ rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ń retí ọmọ. Ó ṣí òmíràn. Aláboyún ni ìyẹn náà.

Ta ló ń ṣa ibùgbé àwọn obìnrin tó fẹ́ bímọ jọ, kí ló sì fẹ́ fi ṣe? Ó fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì yọ. Fáànù náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yàrá sì dákẹ́ débi tó fi ń gbọ́ èémí ara rẹ̀.

"O ṣé o, Ẹnjiníà!" ìyá rẹ̀ kígbe.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òun ló la ògiri. Lọ́jọ́ Àìkú, ó ti ṣí ọ̀nà kan láti inú yàrá rẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ ńlá tí fáìlì ilé ìwòsàn wà, kó lè máa tọ́jú rẹ̀ láti ilé, kí ọ̀gá sì rí i pé òun kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò gbàṣẹ. Páásíwọọ̀dù tó sì fi tì í ni èyí tó ti ń fi ṣeré láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́, èyí tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pàápàá lè mọ̀.

Ó lè nu ẹ̀rọ náà mọ́. Àṣẹ kan ṣoṣo ni yóò tẹ̀, ohun gbogbo á parẹ́, Dókítà àgbà á fọwọ́ sí i, ayé á sì máa lọ. Ìka rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin yẹn ńkọ́? Ó dìde, ó wọṣọ, ó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Kò jẹun.

"Tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, pè mí o," ìyá rẹ̀ wí lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹnu mi ni mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ẹ ti gbọ́ ọ."

Ní ilé ìwòsàn, àwọn aláìsàn ti tò síwájú tábìlì ìforúkọsílẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ń tẹ bọ́tìnnì kan náà léraléra, ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò yí padà.

"Ó ti ń wọ́ bí ìgbín láti ọjọ́ mélòó kan," nọ́ọ̀sì náà wí. "Bá wa nà án jàre."

Ẹnjiníà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè ṣe é. Obìnrin kan tí oyún rẹ̀ ti tó bí jókòó sórí àga níwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ikùn rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i bí ẹni pé wọ́n mọra. Ó yára kọjá.

Ọ̀gá wà nínú yàrá tútù tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ńlá sí, kọ́ọ̀pù tíì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi àga han Ẹnjiníà, ṣùgbọ́n Ẹnjiníà kò jókòó.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti ṣe nǹkan kan tí kò dáa."

Ó sọ ọ́: ọ̀nà tó ṣí, páásíwọọ̀dù yẹn, orúkọ àjèjì. Ó ti ń retí pé ọ̀gá á fò sókè, á kígbe mọ́ òun, á sáré sídìí ẹ̀rọ. Ọ̀gá gbé tíì kalẹ̀. Ó dìde, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

"Àwọn ohun tí mo rí níbẹ̀ sà..."

"Fi ìyẹn sílẹ̀ ná." Ohùn ọ̀gá tutù. "Ọ̀nà yẹn, ìwọ nìkan lo ṣí i?"

"Èmi nìkan ni sà."

"Ẹ̀rọ yẹn dà?"

"Ó wà nílé sà."

"Ta ló wà nílé?"

"Màmá mi nìkan sà."

Ọ̀gá mi orí. Ó ní ó ṣeun, ó ní irú òótọ́ inú báyìí ti ṣọ̀wọ́n láyé, ó sì bọ́ síta lọ pe ẹnìkan lórí fóònù. Nígbà tó padà, ó ní kí Ẹnjiníà fi fóònù tirẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, torí Dókítà àgbà kì í fẹ́ kí fóònù dún ní ọ́fíìsì òun. Kí àwọn jọ lọ bá a, kó tún ọ̀rọ̀ náà sọ bó ṣe sọ ọ́ yìí gan-an.

Ara tu Ẹnjiníà díẹ̀. Ó ti jẹ́wọ́, ó sì jọ pé wọ́n á forí jì í. Síbẹ̀, bí wọ́n ti ń rìn lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ọ̀gá ń fọwọ́ rọra tì í lẹ́yìn, bí ìgbà tí wọ́n ń mú ọmọ lọ síbi abẹ́rẹ́.

Dókítà àgbà yọ awò ojú rẹ̀, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dópin láìdá sí i. Ojú rẹ̀ wá le.

"Ìwọ lo ṣílẹ̀kùn fún olè."

"Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Kí ló kó?"

Kí Ẹnjiníà tó lanu, ọ̀gá ti fèsì. "Ti àwọn aláboyún nìkan ni, mà. Kò dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù."

Ẹnjiníà yíjú wò ó. Kò tíì sọ ohun tó wà nínú àwọn fáìlì yẹn fún ẹnikẹ́ni láyé. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ní kó fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ọ̀gá kò kan ẹ̀rọ kankan. Ẹni tó bá mọ ohun tí olè kó kí wọ́n tó sọ fún un, kì í ṣe òní ló gbọ́ nípa olè. Ẹnjiníà rántí àwọn onídìgírì tí ọ̀gá dá padà nítorí rẹ̀, ìwúrí rẹ̀ sì korò lẹ́nu ara rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀bi máa bá a mu ni wọ́n ń wá, wọ́n sì rí ọmọ tó kọ́ṣẹ́ nínú yàrá.

"Mà," ó wí, "ẹ̀rọ náà ṣì wà nílé. Mi ò pa nǹkan kan rẹ́ lórí rẹ̀. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti wá, ibi tó ń lọ, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò."

Dókítà àgbà wo ọ̀gá.

"Mo ti rò ó, mà," ọ̀gá wí, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo ti rán awakọ̀ lọ gbé e wá. Á ti máa débẹ̀ báyìí."

Ẹnjiníà ki ọwọ́ bọ àpò, àpò ṣófo. Nílé, ìyá rẹ̀ á gbọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Á béèrè pé ta ni. Wọ́n á ní láti ibi iṣẹ́ ọmọ yín ni. Inú rẹ̀ á dùn, á rò pé wọ́n ti fọwọ́ sí i, á sì ṣílẹ̀kùn gbayawu.